Làpálàpá Ara Ògiri Bàbá Àgbà

Fóònù ló bẹ̀rẹ̀ gbogbo ẹ̀. Obìnrin kan gbé fóònù wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Ìsàlẹ̀ Gángan, ojú ẹ̀ ti fọ́, omi ti wọ inú ẹ̀. Ó ní òun ò tiẹ̀ fẹ́ fóònù yẹn fúnra ẹ̀, àwòrán inú ẹ̀ lòun ń wá. Mo jókòó tì í, mo fọ bọ́ọ̀dù ẹ̀, mo pààrọ̀ ojú ẹ̀, ó jí. Tí fóònù bá ti jí, mo gbọ́dọ̀ ṣí àwòrán inú ẹ̀ wò díẹ̀ kí n lè mọ̀ pé kò sọnù. Iṣẹ́ wa nìyẹn o, kì í ṣe àtojúbọ̀.

Ohun tí mo rí níbẹ̀ rú mi lójú. Kò sí àwòrán ọmọ, kò sí ti ìgbéyàwó, kò sí ti oúnjẹ. Ògiri ni. Ògiri, ara igi máńgòrò, ògiri, òkúta, ògiri. Gbogbo wọn ló sì ní nǹkan kan lára, àwọ̀ ẹ̀ dà bí eérú, ó tẹ́ pẹrẹsẹ, etí ẹ̀ ká sókè bí ewé gbígbẹ. Mo ní, ta wá lẹni tó ń ya làpálàpá ògiri ní fọ́tò báyìí?

Nígbà tó wá gba fóònù ẹ̀, mi ò lè pa á mọ́ra, mo bi í. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní kì í ṣe làpálàpá o, ohun ẹlẹ́mìí ni, láíkìn lorúkọ ẹ̀. Ó ní ẹ̀dá méjì ló para pọ̀ di ara kan. Ọ̀kan jẹ́ mọ̀lẹ́bí èéhù tó máa ń bo búrẹ́dì, èkejì jẹ́ mọ̀lẹ́bí nǹkan aláwọ̀ ewé tó máa ń yọ̀ mọ́ èèyàn lẹ́sẹ̀ nídìí tánkì omi. Ọ̀kan kọ́lé, èkejì ń dáná, wọ́n jọ ń gbé. Mo ní bíi tọkọtaya? Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, àmọ́ tiwọn ò ní ìjà.

Òun fúnra ẹ̀, yunifásítì kan ní Méńláǹdì ló ti ń ṣiṣẹ́, nínú ilé tí wọ́n ń kó ewé gbígbẹ pa mọ́ sí. Habéríọ̀mù ló pè é. Èmi ń pè é ní ilé ewé. Gbogbo ewé, koríko, láíkìn tí ẹnikẹ́ni bá já níbikíbi, wọ́n á sá a gbẹ, wọ́n á tọ́jú ẹ̀ sínú ènfílóòpù, wọ́n á kọ ibi tí wọ́n ti já a, ohun tó hù sí lára, àti ẹni tó já a. Àwọn mìíràn ti wà níbẹ̀ látayé àwọn òyìnbó. Iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ ẹ̀ báyìí ni pé kó kó gbogbo àkọsílẹ̀ irú láíkìn kan ṣoṣo jọ, ní gbogbo etí òkun wa níbí, kó lè mọ ibi tó ti wà rí àti ibi tó ṣì wà.

Ó wá ní, "Ti Erékùṣù Èkó yín yìí, ẹyọ kan la ní. Ohun tí wọ́n sì kọ sí i lára ò ju Èkó, ara ògiri, lọ. Ògiri ta, àdúgbò wo, a ò mọ̀. Látìgbà yẹn, ẹnì kankan ò rí i mọ́. Ó jọ pé èéfín mọ́tò ti pa á tán."

Inú bí mi. Mi ò mọ ìdí ẹ̀, ó ṣáà bí mi. Ẹni tí ò gbébí ló ń sọ ohun tó kú níbí fún mi. Mo ní, "Àǹtí, nǹkan yẹn wà nílé wa. Láti kékeré ni mo ti ń rí i." Ó wò mí bí èmi náà ṣe máa ń wo kọ́sítọ́mà tó bá ń búra pé fóònù òun ò bọ́ sómi rí.

Ó ní, "Injiníà, ọ̀pọ̀ ló jọra wọn o. Ẹ mú un wá ká wò ó. Ẹ bó o tìdítìdí, ẹ wé e sínú bébà, kó sì pọ̀ díẹ̀, kó má jẹ́ ẹyọ kan."

Mo ní kò sí wàhálà.

Ilé wa ò jìnnà, Ìsàlẹ̀ Èkó ni, agboolé àtijọ́ tó jẹ́ pé ìdajì àwọn tó ń gbébẹ̀ ni mi ò lè sọ bá a ṣe tan. Àárín ilé níbẹ̀ ni wọ́n sin Bàbá Àgbà, bàbá tó bí bàbá mi, sí, wọ́n fi táìlì funfun bo sàréè wọn, ògiri kan sì wà lẹ́yìn ẹ̀ tí oòrùn kì í fi bẹ́ẹ̀ dé. Ara ògiri yẹn ni nǹkan náà wà. Nígbà tá a wà lọ́mọdé, èékánná la fi máa ń ha á, tí wọ́n bá sì rí wa, ìgbájú ni.

Mo gbé gíláàsì tí mo fi ń wo bọ́ọ̀dù, mo fi sójú, mo dojú bò ó. Ẹ̀yin èèyàn mi, ohun tí mo ti ń pè ní ìdọ̀tí látọjọ́ yìí, ìlú ni. Ó ní òkè, ó ní kòtò, ó ní irun dúdú lábẹ́ tó fi gbá ògiri mú, ó ní àwọn nǹkan wínníwínní tó hù sí i lójú bí ọmọ ìka. Èèrà kékeré kan ń gba àárín ẹ̀ lọ, ó ń yà, ó ń bẹ̀rẹ̀, ó ń dúró, bí ẹni tó fẹ́ gba Ìdúmọ̀tà kọjá lọ́jọ́ ọjà. Orí mi wú. Mi ò mọ ìgbà tí mo bú sẹ́rìn-ín lójú sàréè.

Láti ọjọ́ yẹn, mi ò ní ọ̀rọ̀ míì lẹ́nu. Ohunkóhun tí mo bá rí kà nípa ẹ̀ lórí fóònù, mo ń kà á. Kọ́sítọ́mà á gbé báńtìrì wá, mo máa fi àwòrán láíkìn hàn án. Àwọn tá a jọ ń tún fóònù ṣe ní ìlà wa ń pè mí ní dókítà ògiri. Ọ̀kan nínú wọn ní kí n wá wo ògiri ilé ìyàgbẹ́ òun, ó ní ara ẹ̀ ò yá. Díẹ̀ ló kù kí n gbá a létí.

Ìgbà tí mo wá ń múra láti já a ni Alhaja gbé ọ̀rọ̀ tiwọn dé. Alhaja ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, àwọn ni olórí gbogbo wa nílé báyìí. Lọ́dọọdún, tí àdúrà Bàbá Àgbà bá ti ń bọ̀, àwọn ìyàwó ilé ló máa ń fọ sàréè. Ìyàwó tó bá wọlé kẹ́yìn ló máa kọ́kọ́ fọwọ́ kàn án, ìkíni ẹ̀ sí bàbá ọkọ tí kò bá láyé nìyẹn. Ògiri ẹ̀yìn ẹ̀ ò sí nínú ẹ̀, ẹnì kankan kì í yà síbẹ̀. Àmọ́ lọ́tẹ̀ yìí, àlejò pọ̀ tó ń bọ̀, Alhaja wá ní kí wọ́n fọ ògiri náà mọ́ ọn, kí wọ́n kùn ún ní ọ̀dà funfun.

Mo ní wọn ò gbọ́dọ̀ fọ̀ ọ́. Ohùn tí mo fi sọ ọ́ kì í ṣe ohùn tí wọ́n fi ń bá àgbà sọ̀rọ̀.

Alhaja ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé kí àlejò wá jókòó níwájú bàbá mi, kí wọ́n máa wo làpálàpá?"

Mo ní kì í ṣe làpálàpá, ẹ̀dá méjì ló ń gbé pọ̀ níbẹ̀.

"Ẹni méjì ń gbé lára ògiri mi, wọn ò sanwó ilé, o tún ní kí n má lé wọn."

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Mo fi ìbínú jáde, mo gbá géètì mọ́lẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n rán ìyàwó tuntun sí mi. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi kan ni, kò tíì pẹ́ tó wọlé wa. Bí gbogbo ìyàwó ilé, kò lè pe ẹni tó bá nílé ní orúkọ, ó wá sọ mí ní Rodo. Ó ní ata rodo kéré lóòótọ́, àmọ́ ká wo ohun tó ń fojú ọbẹ̀ rí. Ó ní, "Ọkọ mi Rodo, Alhaja ní kẹ́ ẹ mú ohun tẹ́ ẹ bá fẹ́ mú lára ògiri yẹn kó tó dọjọ́ tá a máa fọ̀ ọ́. Wọ́n ní tó bá ti dọjọ́ yẹn, ó parí."

Mo mú un. Èyí tó dáa jù, tó fẹ̀ bí àtẹ́lẹwọ́, mo fi abẹ tí mo fi ń ṣí fóònù bó o, ó jáde láìya. Mo ní kí ni mo tún fẹ́ fi òmíràn ṣe, nígbà tí èyí ti rí báyìí? Àmọ́ ó dọ̀tí. Ekuru wà lára ẹ̀, owú aláǹtakùn wà níbẹ̀, ìgbẹ́ alángbá pàápàá wà níbẹ̀. Nínú iṣẹ́ tiwa, èèyàn kì í gbé iṣẹ́ ìdọ̀tí lé olówó ẹ̀ lọ́wọ́. Mo wá bu sípíríìtì sínú abọ́, mo rì í sí i, bí mo ṣe máa ń rì bọ́ọ̀dù tómi bá wọ̀. Mo jẹ́ kó sùn síbẹ̀. Nígbà tí mo yọ ọ́, mo fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín fọ̀ ọ́ jẹ́jẹ́. Ó mọ́. Ó mọ́ gan-an ni. Mo da sípíríìtì náà sí gọ́tà, mo wé nǹkan mi sínú bébà.

Ọjọ́ tí wọ́n ń fọ ògiri náà ni mo gbéra lọ sílé ewé. Mo ní tèmi ti wà lọ́wọ́ mi, kí wọ́n máa fọ tiwọn. Mo wọkọ̀ ní Obalende, mo gbé e lé itan, mi ò jẹ́ kẹ́nì kankan fara kàn mí.

Inú ilé ewé tutù, ó ń rùn bí káfúrà, bí àpótí tí àwọn àgbà ń kó aṣọ sí. Kọ́bọ́ọ̀dù onírin ló kún ibẹ̀ láti ìsàlẹ̀ dókè. Obìnrin yẹn mú ènfílóòpù ti Èkó yẹn jáde fún mi, bébà ẹ̀ ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ó ṣí i jẹ́jẹ́. Ó wà níbẹ̀. Ó ti rọ, ó ti fẹ̀ pẹlẹbẹ, ẹni tó já a á ti kú tipẹ́, àmọ́ mo mọ̀ ọ́n bí èèyàn ṣe ń mọ ojú mọ̀lẹ́bí. Mo gbé tèmi sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀. Ọ̀kan náà ni. Mi ò lè jókòó.

Ó ní kí n fara balẹ̀, ó ku ohun kan. Ó ní èyí tó jẹ́ ojúlówó nínú wọn, tí wọ́n bá ha ojú ẹ̀ díẹ̀ kí funfun inú yọ, tí wọ́n bá kán bílíìṣì sí i, ó máa pọ́n bí ẹ̀jẹ̀. Àwọn tó kàn jọ ọ́ kì í pọ́n. Ó ní bílíìṣì lásán, èyí tí wọ́n fi ń fọ aṣọ funfun. Ó ha tèmi, ó kán an. Mo dúró. Kò pọ́n. Ó ha ibòmíì, ó kán an. Kò pọ́n.

Ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, Injiníà. Kì í ṣe òun."

Mo ní bílíìṣì yẹn ti bàjẹ́. Kò bínú, ó fa dúrọ́ọ̀ kan, ó mú èyí tí wọ́n já ní apá Badagry, ó kán ọ̀kan náà sí i. Ó pọ́n kíá bí omi sóbò. Òun náà wá tún wo tèmi, ó gbé e súnmọ́ imú.

"Injiníà, kí lẹ fi fọ̀ ọ́?"

Mo ní sípíríìtì. Ó gbá orí mú. Ó ní ohun tó ń pọ́n yẹn, láíkìn fúnra ẹ̀ ló ń ṣe é sínú ara, sípíríìtì sì máa ń yọ ọ́ kúrò. Ó ní mo ti fọ ẹ̀rí dànù. Ó ní òun gan-an rò pé láíkìn tá à ń wá yẹn ni, àmọ́ òun ò lè kọ ohun tí òun ò rí. Ó ní kí n lọ já òmíràn wá.

Òmíràn. Ọjọ́ yẹn gan-an ni wọ́n ń fọ ògiri nílé. Mo pe Alhaja, wọn ò gbé e. Mo pe ìyàwó tuntun, kò gbé e. Mi ò tiẹ̀ mọ bí mo ṣe dágbére. Ní Obalende, mo bẹ́ sílẹ̀ kí ọkọ̀ tó dúró, kọ́ńdọ́ bú mi, mo bú u padà, mò ń sáré lọ. Mo sáré, mo rìn, mo sáré. Gbogbo ohun tí mò ń gbọ́ létí ni búrọ́ọ̀ṣì onírin lára ògiri.

Nígbà tí mo débẹ̀, mi ò gbọ́ búrọ́ọ̀ṣì kankan. Àwọn ìyàwó ilé kóra jọ sí apá kejì, korobá dojú dé, omi ń ṣàn lọ sí gọ́tà. Ìyàwó tuntun jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ká ọwọ́ sórí itan, ojú ẹ̀ ti wú. Alhaja wà lórí àga, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́ wọn. Ìyálé gbogbo wọn, ìyẹn ìyàwó àgbà bàbá mi kékeré, ló ń sọ̀rọ̀. Àwọn ni mo gbọ́ ọ lẹ́nu wọn. Wọ́n ní bí ìyàwó tuntun ṣe fi búrọ́ọ̀ṣì ha ògiri, tó da omi fífọ̀ tó pò sí i, ògiri ṣẹ̀jẹ̀. Wọ́n ní gbogbo àwọn ló rí i. Bí àwọn sì ṣe ń wò ó báyìí, ògiri fa ẹ̀jẹ̀ náà mu padà, kò kù síbẹ̀ mọ́.

Mo ní kí ló fi fọ̀ ọ́? Wọ́n ní bílíìṣì ni. Wọ́n ní ọṣẹ dúdú àti kànìnkànìn làwọn fi ń fọ Bàbá látayébáyé, òun ló ní bílíìṣì ló yá jù.

Ìyálé ní, "Mo ti wà nílé yìí kí wọ́n tó bí i. Lọ́dọọdún là ń fọ Bàbá. Bàbá ò ṣẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ ẹnì kankan rí. Ọwọ́ ẹ̀ ni wọ́n kọ̀."

Wọ́n ti ní kí wọ́n ránṣẹ́ pe ìyá ẹ̀, kó wá bi ọmọ ẹ̀ léèrè ohun tó ṣe. Wọ́n ní kó padà sílé bàbá ẹ̀ títí àdúrà á fi parí. Ọkọ ẹ̀ wà níbi iṣẹ́, kò tíì gbọ́. Alhaja ò sì tíì dá sí gbogbo ìyẹn, ohun kan ṣoṣo ni wọ́n sọ: kí ẹnì kankan má fọwọ́ kan ògiri yẹn mọ́.

Ẹ gbọ́ o. Nǹkan méjì ló wọ orí mi lẹ́ẹ̀kan náà. Àkọ́kọ́, ó pọ́n. Òun ni. Òun gan-an ni, kò kú, ó wà ní Ìsàlẹ̀ Èkó, gbogbo ìyàwó ilé wa ti jẹ́rìí sí i láì mọ̀. Ó ń ṣe mí bí ẹni pé kí n fò. Èkejì ni ọ̀rọ̀ Alhaja. Kí ẹnì kankan má fọwọ́ kan án mọ́. Ṣebí ohun tí mo torí ẹ̀ gbá géètì nìyẹn. Tí mo bá pa ẹnu mi dé, ẹ̀rù á máa ṣọ́ ògiri yẹn fún mi títí ayé, kò sí ọ̀dà, kò sí búrọ́ọ̀ṣì, màá máa yọ́ wá já tèmi nígbà tó bá wù mí.

Ìyàwó tuntun gbójú sókè. Ó ní, "Ọkọ mi Rodo, mi ò ṣe nǹkan kan o."

Ó wù mí kí n sọ pé mo rò ó dáadáa. Irọ́ ni. Ẹnu mi máa ń ṣíwájú ọpọlọ mi, lọ́jọ́ yẹn ó ṣiṣẹ́ fún mi.

Mo ní, "Kì í ṣe ẹ̀jẹ̀. Bílíìṣì ni."

Ìyálé ní dókítà ògiri ti dé. Mo gbé ike bílíìṣì, mo fi kọ́kọ́rọ́ ha ọ̀kan nínú àwọn tó kù lára ògiri, mo fi ìdérí ike kán an. Ó pọ́n. Gbogbo wọn fà sẹ́yìn. Ó dúró díẹ̀, àwọ̀ ẹ̀ ṣí. Mo ní, "Ṣé èmi náà ni Bàbá kọ̀? Èmi tí mo gbé imú wọn wáyé?"

Ìyálé ní, "Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ náà. Ṣebí ìwọ lo pariwo lé Alhaja lórí lọ́jọ́sí."

Àwọn tó kù ní òótọ́ ni. Mo sì pariwo lóòótọ́. Mo dúró síbẹ̀, ìdérí ike lọ́wọ́ mi, mo wá ń ronú pé mo ti dá kún un fún ìyàwó oníyàwó.

Alhaja dìde. Wọ́n fi tẹ̀sùbáà sápò, wọ́n na ọwọ́, wọ́n ní, "Gbé e wá." Mo gbé e fún wọn. Mo fi kọ́kọ́rọ́ ha òmíràn. Wọ́n ní Bísímílááhì, wọ́n kán an. Ó pọ́n, ó pọ́n ju tèmi lọ, bí ẹni pé ó mọ ẹni tó ń kán an. Alhaja wò ó, wọn ò gbójú kúrò títí ó fi ṣí tán.

Wọ́n wá sọ ọ́ wẹ́rẹ́, bí ẹni pé àwọn nìkan ló wà níbẹ̀. "Èmi ni mo pa ojú bàbá mi dé. Bàbá mi ò lè kọ̀ mí."

Wọ́n yíjú sí ìyàwó tuntun. "Dìde ńlẹ̀, ìyàwó mi." Wọ́n sì na ìdérí náà sí ìyálé. "Ó yá, ìwọ náà wá kán tìẹ."

Ìyálé kán an. Ó pọ́n. Wọ́n rẹ́rìn-ín tìtìjú-tìtìjú, wọ́n ní Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí ojú tàn wá jẹ. Ibẹ̀ ni ẹ̀rù ti tú ká, wàhálà tèmi sì bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ilé ló fẹ́ kán tiẹ̀. Àwọn ìyàwó fẹ́ kán an, àwọn ọmọ fẹ́ kán an, aládùúgbò kan tó wá bu omi ní òun náà fẹ́ wò ó. Èyí tí bílíìṣì bá ti kàn, kò wúlò fún ilé ewé mọ́. Mò ń pariwo pé kí wọ́n dúró, wọ́n ń pariwo pé ó tún pọ́n. Alhaja gan-an kán mẹ́ta sí i. Àfi bí wọ́n ṣe ní ó tó, ọjọ́ ń lọ, kí wọ́n máa fọ ògiri lọ, ṣebí kì í ṣe ẹ̀jẹ̀.

Mo dọ̀bálẹ̀. Lórí omi bílíìṣì. Mo ní, "Alhaja mi, ẹ má bínú sí ọ̀rọ̀ ọjọ́sí. Ẹ jẹ́ n mú tèmi kí wọ́n tó fọ̀ ọ́."

Wọ́n ní, "Tó bá jẹ́ báyìí lo ṣe sọ ọ́ lọ́jọ́ yẹn, ta ló máa bá ẹ jà? Mú u. Àmọ́ ìlẹ̀kùn géètì tí o gbá yẹn, ìwọ lo máa tún un ṣe."

Mo dìde, mo yíjú sí ògiri. Kí ló kù níbẹ̀? Kò sí èyí tí wọn ò tíì kán. Mo ń fojú wá a láti òkè délẹ̀. Ìyàwó tuntun ti rọra gba ẹ̀yìn sàréè lọ síbi tí tánkì omi ti fara ti ògiri, ó fi ẹ̀gbẹ́ wọ àlàfo tó wà níbẹ̀. Mo gbọ́ ohùn ẹ̀.

"Ọkọ mi, ọwọ́ wa ò tíì dé ibí o."

Mo fi ẹ̀gbẹ́ wọbẹ̀ tọ̀ ọ́. Wọ́n wà níbẹ̀. Wọ́n to ara wọn bí abọ́ lórí pẹpẹ, odindi, kò sí èyí tó ya. Mo fa abẹ mi yọ, mo ń bó wọn, òun na bébà sábẹ́ ẹ̀. Mi ò fi omi kàn wọ́n. Mi ò gbọn ekuru wọn. Ìgbẹ́ alángbá tó wà lára ọ̀kan, mo fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà tá a jáde, a ti dọ̀tí láti orí dé ẹsẹ̀, ó wá ń rẹ́rìn-ín.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, obìnrin ilé ewé ò tíì jókòó dáadáa nígbà tí mo padà dé. Mo ní mi ò fọ̀ ọ́. Ó ní òun rí i bẹ́ẹ̀. Ó ha á, ó kán an, ó pọ́n. Ó fọwọ́ gbá tábìlì, ó kígbe, àwọn tó wà ní yàrá kejì sáré wá wò ó bóyá nǹkan ti já lù ú. Ó tún kán an fún wọn. Gbogbo wa dúró yí ènfílóòpù kan ká, à ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. Ó ní ṣé mo ṣì fẹ́ máa tún fóònù ṣe? Mo ní kí ló dé? Ó ní kí n má lọ gba iṣẹ́ òun mọ́ òun lọ́wọ́.

Ó wá jókòó, ó tẹ àkọsílẹ̀ tuntun. Kì í ṣe Èkó, ara ògiri. Ó kọ Ìsàlẹ̀ Èkó, ó kọ agboolé, ara ògiri símẹ́ǹtì lẹ́yìn sàréè, ibi tí òòjì wà. Ó bi mí ta ló já a. Mo pe orúkọ mi, mo sì pe ti ìyàwó wa mọ́ ọn, ó kọ méjèèjì. Ó gbé tiwa sí ẹ̀gbẹ́ ènfílóòpù àtijọ́ yẹn, ó ti kọ́bọ́ọ̀dù. Mo rò ó nínú mi pé gbogbo ìgbà tí wọ́n fi ń sọ pé ó ti kú yẹn, ó wà lẹ́yìn tánkì omi wa, ẹnì kankan ò ṣáà béèrè ẹ̀ lọ́wọ́ wa.

Wọ́n ṣe àdúrà, àlejò wá, ògiri funfun bí aṣọ ìrun Jímọ̀. Mo wò ó, kò dùn mí tó bí mo ṣe rò.

Ohun tó wá ń dá mi lágara báyìí ni Alhaja. Wọn ò gbé ike bílíìṣì sílẹ̀ mọ́. Àpamọ́wọ́ ni wọ́n ń kó o sí. Ilé ẹni tí wọ́n bá lọ kí, ògiri ẹ̀ ni wọ́n máa kọ́kọ́ wò, tí wọ́n bá rí nǹkan eléérú lára ẹ̀, wọ́n á ní kí onílé wá wo iṣẹ́ Ọlọ́run, wọ́n á kán an. Àwọn tó ń pọ́n ń pọ́n, àwọn tí ò pọ́n, wọ́n á ní ayédèrú ni. Bí wọ́n sì ṣe ń fi í han àwọn èèyàn, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń bà á jẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́.

Lánàá, mo wà lórí bọ́ọ̀dù kan tó le, fóònù mi dún. Àwọn ni. Wọ́n wà nílé ọ̀rẹ́ wọn ní Láfíàjì, wọ́n ní òmíràn wà lára kànga ibẹ̀, ó fẹ̀ ju tilé lọ, àwọn ti ṣí ike.

Mo kígbe pé kí wọ́n má kán an.

Wọ́n ní, "Ta lò ń pariwo mọ́?"

Mo gbé bọ́ọ̀dù sílẹ̀. Mo mí sínú. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Alhaja mi. Ẹ bá mi dé ike yẹn. Ẹ ní kí wọ́n fún yín lágà, kẹ́ ẹ jókòó. Mò ń bọ̀." Mo ti ń wá abẹ mi bí mo ṣe ń sọ ọ́.